Òògùn Eku Tó Dá Ẹ̀mí Àbúrò Mi Sí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá kí ẹ tó kà á tán. Ó lè jẹ́ pé ará ilé yín kan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ tíṣà kan ní Ìkàrẹ́. Ó ní àwọn dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó òun, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn irin sí ọkàn rẹ̀ dípò èyí tó bàjẹ́. Ara obìnrin náà ti le koko báyìí: ó ń gun òkè, ó ń gúnyán, ó ń bá òun jà bí ìyàwó gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n òògùn kan wà tí wọ́n ní kó máa lò títí ayé, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan sì ti sọ fún wọn pé òògùn tí wọ́n fi ń pa eku ni. Tíṣà wá béèrè lọ́wọ́ mi pé: ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, ṣé kí ìyàwó òun má dá a dúró, nígbà tí ara rẹ̀ ti yá?

Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà gan-an ni wọ́n sọ fún àbúrò mi obìnrin nínú ọjà Ìkàrẹ́ kan náà. Ó gbọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́, ó kù díẹ̀ kí a sọkún rẹ̀. Nítorí náà n kò ní fi ìdáhùn mi ránṣẹ́ sí tíṣà yìí nìkan. Gbangba ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní kúkúrú rẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sọ, òògùn eku ni. Kí ìyàwó yín má sì ṣe dá a dúró, kódà fún ọjọ́ kan. Ẹ wá gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo ọjà ń pe àbúrò mi yìí. Aṣọ ló ń tà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ọ̀kà, ọ̀fun a máa dùn ún lemọ́lemọ́. Bó ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, orúnkún rẹ̀ wú, kò tíì lọ tán tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ náà fi wú, ibà sì gbé e dè. Àwọn àgbà ní làkúrègbé ni. Wọ́n fi òrí pa á lára, wọ́n fún un ní àgbo mu, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó dìde, ó ń sáré kiri. A rò pé ó tán. A kò mọ̀ pé àìsàn náà ti dá àpá sí ibi tí ojú wa kò tó.

Bó ti rí nìyí. Kòkòrò àìsàn kan wà tí í máa wọ ọ̀fun ọmọdé. Bó bá wọlé, ara a dìde láti bá a jà. Lára àwọn ọmọ mìíràn, ogun náà a ṣìnà, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í bá oríkèé àti ọkàn ara rẹ̀ jà. Oríkèé a san, ṣùgbọ́n ọkàn kì í fẹ́ gbàgbé. Ìlẹ̀kùn mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn ènìyàn, iṣẹ́ wọn sì ni pé kí wọ́n ṣí kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, kí wọ́n tì kí ó má bàa padà sẹ́yìn. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Àìsàn yìí a sọ ìlẹ̀kùn di líle, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn, tàbí kó sọ ọ́ di èyí tó ń jò. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí ogún kí ẹni náà tó mọ̀.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì fi pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, kò lè ti ilé dé ìsọ̀ rẹ̀ láìdúró mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Lóru, ìjókòó ló fi ń sùn, nítorí bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí a dá. Dókítà ní àfi kí a pààrọ̀ ìlẹ̀kùn kan. A ta ilẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá wa lówó, àwọn ará ọjà dáwó jọ, a sì gbé e lọ sí Íńdíà ní ọdún 2014.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé idán tuntun ni iṣẹ́ yìí. Lọ́dún 1960, dókítà kan tí ń jẹ́ Albert Starr àti àgbà ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Lowell Edwards ṣe irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ni, nínú àgò irin. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí lára, ní oṣù kẹjọ, kò ju wákàtí mélòó kan lọ láyé. Ẹni kejì, ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwa ní Nàìjíríà ń ránṣọ òmìnira lọ́wọ́, lo ọdún mẹ́wàá sí i. Kì í sì í ṣe ọkàn ló pa á: orí àkàbà ló ti ṣubú. Nílẹ̀ tiwa, ọdún 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ la ọkàn ènìyàn ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Nàìjíríà ní Ẹnúgu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Oríṣi méjì ni ìlẹ̀kùn àtọwọ́dá. Ọ̀kan jẹ́ ti irin àti èédú tí wọ́n fi iná ńlá sọ di líle bí òkúta. Èkejì ni wọ́n ń fi ara ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù ṣe. Èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe kì í sábà fẹ́ òògùn títí ayé, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó láàárín ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì máa ń tètè gbó lára ọ̀dọ́. Èyí tó jẹ́ irin kì í gbó bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní owó orí tó ń gbà lójoojúmọ́. Irin ni wọ́n fi sí Ìyá Ìbejì. Nígbà tó padà dé, àwọn ìbejì a máa fi etí lé e láyà, wọn a ní, "Ẹ gbọ́ aago Màámi!" Òótọ́ ni, bí ilé bá dákẹ́ lóru, ẹ ó gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́.

Owó orí tí mo wí ni òògùn yìí, warfarin lorúkọ rẹ̀. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà jókòó tì í kó tó kúrò níbẹ̀, ó ní: "A kò mú àìsàn kúrò lára rẹ o. Èyí tó fẹ́ pa ọ́ la gbà lọ́wọ́ rẹ, a sì fún ọ ní ìtọ́jú tí ìwọ fúnra rẹ yóò máa ṣe." Ìyá Ìbejì mi orí. Ta ni kì í mi orí níwájú dókítà?

Ọdún mẹ́ta kọjá. Kérésìmesì ọdún 2017 ń bọ̀, ọjà gbóná. Ọmọkùnrin kan ní ìsọ̀ kejì rí páálí òògùn náà lórí tábìlì, ó wò ó nínú fóònù rẹ̀, ó kígbe pé, "Ìyá Ìbejì, májèlé eku lẹ ń jẹ lójoojúmọ́ yìí!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Bẹ́ẹ̀ òògùn ti tán nílé, gbèsè aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọdún mẹ́ta rèé, ara mi ti yá. Kí ni mo tún ń fi májèlé wá?" Kò sọ fún mi, nítorí ó mọ̀ pé mo máa pariwo.

Ní ọjọ́ kejìlá, ó ń gé ánkárá fún oníbàárà. Síṣáàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó tún bọ́. Oníbàárà bi í pé kí ló dé; ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde kò lórí, kò nídìí. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ariwo ta. Ẹnìkan ní ayé ti ṣe é. Ẹnìkan ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Wọ́n ti ń da epo sí i lẹ́nu nígbà tí ìyá aláta kan fi ẹ̀rọ pè mí ní Ọ̀kà. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́; Ọlọ́run yóò bá mi tọ́jú ìyá náà. Mo gun alùpùpù, a gba Àkùngbá, n kò mọ bí a ti ṣe dé Ìkàrẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé epo kúrò, kí wọ́n wá mọ́tò. Ó di Ọ̀wọ̀.

Dókítà gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ran lé e láyà, ó gbọ́ aago náà, ó gbójú sókè wò mí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ó ń lo òògùn rẹ̀?" Mo dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga pé, "Ó ń lò ó, sà." Mo wo àbúrò mi. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mi orí pé rárá, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ̀jẹ̀ bá kan ohun tí kì í ṣe ara ènìyàn, dídì ló máa ń fẹ́ dì. Òògùn yìí ni kì í jẹ́. Láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì sára ìlẹ̀kùn irin náà. Ègé kan tí kò ju ọkà bàbà lọ já kúrò, ó sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Ìdí àrùn rọpárọsẹ̀ rẹ̀ nìyí, kì í ṣe ayé, kì í ṣe orogún. A dúpẹ́ pé a tètè débẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà tán títí di òní. Aṣọ ló ṣì ń tà, ṣùgbọ́n kì í gé e mọ́. Táíwò ló ń bá a gé e.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n padà sórí eku. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, àwọn màlúù ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà ń kú ikú àràmàǹdà. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn wọ́n lára díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a dà títí wọn a fi kú. Wọ́n wádìí rẹ̀ títí, wọ́n rí i pé koríko kan tí wọ́n kó pamọ́ tó sì bu ni wọ́n jẹ. Ní ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin wa ọkọ̀ nínú yìnyín, ó gbé òkú màlúù kan, koríko náà, àti kẹ̀ǹgbẹ̀ wàrà kan tó kún fún ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì, Karl Paul Link. Link àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lo ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó yọ ohun tó wà nínú koríko náà jáde. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti wá ṣe warfarin, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní 1948 láti fi pa eku. Ní 1954, wọ́n gbà á láyè fún ènìyàn. Ní 1955, nígbà tí àìsàn ọkàn kọlu Eisenhower, olórí Amẹ́ríkà, wọ́n fún òun náà lò. Ṣé wọ́n á fún olórí orílẹ̀-èdè wọn ní ohun tí kò dára bí?

Ìwọ̀n ni ìyàtọ̀. Eku kò ní dókítà tó ń bá a wọ̀n ọ́n. Iyọ̀ kan náà tó ń mú ọbẹ̀ dùn, bí a bá da igbá kan rẹ̀ sínú ìkòkò, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀kọ mọ̀ pé bí omi bá pọ̀ jù, yóò máa ṣàn. Bí ó bá kéré jù, yóò ki, yóò dì nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ìlẹ̀kùn irin. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ yẹ̀wò, tí wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní INR. Ti ẹni tí kò lo òògùn a máa wà ní nǹkan bí 1. Ti ẹni tó ní ìlẹ̀kùn irin, dókítà sábà máa ń fẹ́ kó wà láàárín 2 àti 3, tàbí láàárín 2.5 àti 3.5, gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n pààrọ̀ bá ti rí. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ a dì. Bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ a máa dà nínú lọ́hùn-ún láìsí ọgbẹ́.

Àbúrò mi ti rí ojú èyí náà. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2017, ẹ̀rù mú un, kò pa òògùn jẹ mọ́ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, ẹ̀yìn ń dùn ún. Oníkẹ́míìsì kan di òògùn ìrora fún un, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì gbé àgbo inú ìgò wá. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tó ń lò tẹ́lẹ̀, òun náà kò sì sọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, imú rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nọ́ńbà náà ti kọjá 8. Wọ́n fà á lẹ́jẹ̀ sí i, wọ́n fún un ní òògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa tún dì jù. Okùn tí ó ń rìn lórí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ o.

Bí ojú bá ń ṣepin, ojú là á fi í hàn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n to ohun tí a ti kọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí tíṣà gé e kúrò, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Èkíní: wákàtí kan náà ni kí ẹ máa lo òògùn náà lójoojúmọ́, alẹ́ dára. Bí ẹ bá gbàgbé, tí ẹ sì rántí kí ọjọ́ náà tó parí, ẹ lò ó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ fi ti àná sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún dókítà, ẹ má ṣe lo méjì papọ̀. Bó bá ti ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ra òmíràn. Ẹ má dúró dìgbà tó bá tán.

Èkejì: ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́, ní Ìwárò Ọ̀kà, tàbí ní Ọ̀wọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìwé àjákọ kékeré kan la fi ń kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ mọ bí a ti ń tọ́jú ìwé orúkọ ọmọ. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹ̀fọ́ kò di èèwọ̀. Ohun tó wà nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro àti ugú ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, ó sì ń bá òògùn yìí jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń jẹ ẹ̀fọ́, kó máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà á wọn òògùn mọ́ ọn. Ohun tí kò dára ni kí a fi oṣù kan jẹ ẹ̀fọ́ ní àjẹyó, kí a sì fi oṣù kejì sá fún un.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má lo òògùn mìíràn láìbéèrè. Aspirin tí kì í ṣe dókítà yín ló ní kí ẹ lò, ibuprofen, diclofenac, Flagyl, Septrin, gbogbo wọn ló lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà. Àgbo àti ọtí gbígbóná náà wà níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gún yín ní abẹ́rẹ́ ní ìdí tàbí apá láìjẹ́ pé ẹ ti sọ ohun tí ẹ ń lò. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ béèrè kí ẹ tó tà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òògùn tuntun kan ti dé tí kò fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọ́n dán ọ̀kan nínú wọn wò lára àwọn tó ní ìlẹ̀kùn irin, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2013: wọ́n ní láti dá a dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ sì tún dà, ju ti warfarin lọ.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ máa fọ eyín dáadáa. Kòkòrò inú ẹnu lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ jókòó sórí ìlẹ̀kùn náà. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín yín, ẹ sọ fún dókítà eyín, yóò fún yín ní òògùn tó ń pa kòkòrò kó tó fọwọ́ kàn yín. Ẹ má sì dá warfarin dúró fúnra yín nítorí eyín.

Ẹ̀kẹfà: ibà tí ó bá ń gbọ̀n yín tàbí tí ó ń mú yín làágùn lóru, ẹ má pè é ní ibà lásán. Ó lè jẹ́ pé kòkòrò ti dé orí ìlẹ̀kùn, irú rẹ̀ sì ń pa ènìyàn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín kí ẹ tó gbé kápúsù kankan mì, nítorí kápúsù lè mú kí kòkòrò náà sá pamọ́ fún àyẹ̀wò. Ní ọdún 2021, ibà mú Ìyá Ìbejì. Oníkẹ́míìsì na kápúsù sí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ mi." Ibà ẹ̀fọn lásán ló jẹ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Àbúrò mi ti di dókítà ara rẹ̀.

Ẹ̀keje: bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan kò gbé sókè, tí ọ̀rọ̀ sì lọ́; bí èémí bá ń dá, tí ẹsẹ̀ sì ń wú; bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ sì dúdú; bí ìgbẹ́ bá dúdú, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdúró; bí ẹ bá forí gbá ilẹ̀, bí kò tilẹ̀ bẹ́jẹ̀; tàbí bí aago inú àyà tí ẹ ti mọ̀ bá yí ohùn padà tàbí kó dákẹ́: ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ má da epo sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni, ní wákàtí yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù fún ẹ̀yin tí ọmọbìnrin yín ní irú ìlẹ̀kùn yìí. Warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ bá dókítà kí oyún tó dé. Kó má sì fi ìbẹ̀rù da òògùn nù nígbà tí oyún bá dé, nítorí ìyá náà lè kú. Dókítà ló mọ èyí tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà, ọwọ́ yín ni orísun ọ̀rọ̀ yìí wà. Ọmọ tí ọ̀fun ń dùn tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má fi iyọ̀ àti omi nìkan rán an lọ sílé. Ẹ sọ fún òbí rẹ̀ kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Penisílíìnì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ì bá gba ọkàn àbúrò mi lọ́wọ́ irin. Ọmọ tí oríkèé rẹ̀ bá sì ti wú bẹ́ẹ̀ rí lè nílò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin, fún ọdún púpọ̀. Kí òbí má ṣe sọ pé ó ti sàn.

Ó ti sàn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló fẹ́ pa àbúrò mi. Kì í ṣe eku, kì í ṣe ayé. Tíṣà mi ọ̀wọ́n, ara ìyàwó yín yá nítorí pé ó ń lo òògùn. Kò yá kí ó lè fi òògùn sílẹ̀. Ẹ ka ìwé yìí sí i létí lálẹ́ òní. Bó bá di ọjọ́ ọjà, kó yà sí ìsọ̀ Ìyá Ìbejì. Mo ti sọ fún un pé ẹnìkan ń bọ̀. Ó ní kó máa bọ̀, òun á fi ọwọ́ ọ̀tún òun hàn án, òun á sì fún un ní ìwé àjákọ kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ilé wa.